Màlúù Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹjọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé wa níbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá á rántí pé mo ka ewì kan nípa bàbá ìyá bàbá mi, tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì pa ní Èkó nígbà ogun Hitler. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ń nu ojú. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni ewì yẹn. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kà á, ṣùgbọ́n mi ò wádìí ẹ̀ náà, torí pé ó dùn lẹ́nu. Bí mo ṣe dé ibi irọ́ náà, àti ohun tó yọ mí kúrò níbẹ̀, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Páálí kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Peckham, Dádì London là ń pè wọ́n, ló fi ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì. Ọmọ tiwọn ni wọ́n rà á fún, ọmọ ní fóònù lòun fẹ́. Bó ṣe di tèmi nìyẹn, òun àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì pẹ̀lú ṣokoléètì tí àwọn rúùmù-méètì mi ti jẹ tán kí n tó bọ́ bàtà. Ọkọ̀ abẹ́ omi ló wà lára páálí náà, ó ń ti inú ìgbì yọ. Mo ṣí i, ọkọ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Férémù plásítíìkì aláwọ̀ eérú ló kún inú ẹ̀, tí ẹ̀yà ọkọ̀ so mọ́ bí èso ṣe ń so mọ́ igi, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí irú ẹ̀ rí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. O máa fi bíléèdì gé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kúrò lára férémù, o máa fi sáńpépà ha ojú ibi tó ti já, o máa dán an wò bóyá ó bá ìkejì ẹ̀ mu, kí o tó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù náà kì í ṣe èyí tí a fi ń lẹ ìwé o. Ńṣe ló ń yọ́ plásítíìkì méjèèjì díẹ̀, tí wọ́n á fi di ọ̀kan. Bó bá kán síbi tí kò yẹ, ojú ibẹ̀ á yọ́, o ò sì ní lè sọ pé kì í ṣe ìwọ. Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò mi wà lábẹ́ ọkọ̀ mi títí dòní.

Type VIIC lorúkọ irú ọkọ̀ náà. Òun ni àwọn ará Jámánì kàn jù lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó lé ní 500. Èyí tó jẹ́ gidi gùn ní mítà 67, èèyàn 44 sí 52 ló sì máa ń há sínú ẹ̀. Tèmi jẹ́ ìdá kan nínú 144, sẹ̀ǹtímítà 46 àti díẹ̀, láti ìgúnpá mi dé ṣóńṣó ìka mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orí omi gan-an lọkọ̀ abẹ́ omi yìí ti máa ń rìn jù. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù ló ń gbé e lórí omi, bátìrì ló ń gbé e nísàlẹ̀, bátìrì ò sì lè bá a lọ títí. Bó bá rì, ó di ìgbín. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kún fún ihò tóóró-tóóró, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé bó bá fẹ́ wọ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà jáde. Lára kíìtì tèmi, ojú ihò náà nìkan ni wọ́n yà, wọn ò lu ú. Mo jókòó, mo fi abẹ́rẹ́ tí mo kì bọ iná lu ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń gba iwájú rúùmù wa kọjá ń pè mí ní Kápútéènì.

Ẹ tún gbọ́ ti okùn. Wáyà gígùn kan máa ń ti orí ilé ìṣọ́ ọkọ̀ náà dé imú ẹ̀ àti ìdí ẹ̀. Òwú ìránṣọ ti ki jù fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú èékù férémù, wọ́n á yí i lókè àbẹ́là, kì í ṣe nínú iná o, lókè iná, títí á fi rọ̀ bí ẹ̀bà tútù, wọ́n á wá fà á lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Á nà, á tín-ín-rín bí irun orí. Ní hósítẹ́ẹ̀lì wa, àìsí iná mànàmáná ò jẹ́ kí n wá àbẹ́là jìnnà. Mo jó ìka mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ẹyọ kan tó dáa.

Òru ọjọ́ kan ni rúùmù-méètì mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn dìde láti tọ̀, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Ọkọ̀ Hitler lo wá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lóru yìí? Ṣé o mọ ohun tí wọn ì bá fi irú èmi àti ẹ ṣe?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó padà lọ sùn, oorun dá lójú tèmi. Ọjọ́ kejì, mo lọ wádìí bóyá wọ́n tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Wọ́n dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ kan tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ U-69, Type VIIC bíi tèmi, yọ́ wá sí etí òkun wa, ó ri bọ́ǹbù abẹ́ omi sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, ó sì ri òmíràn sí ti Takoradi ní ilẹ̀ Gánà. Ẹ mọ̀ pé iyanrìn kì í jẹ́ kí ẹnu òkun Èkó sinmi. Bí wọn ò bá gbẹ́ ẹ, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún náà, ọkọ̀ Robert Hughes tó ń gbẹ́ iyanrìn níbẹ̀ gun orí ọ̀kan nínú àwọn bọ́ǹbù náà, ó rì. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ni.

Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé U-69 ni màá sọ kíìtì mi dà. Iṣẹ́ wá pọ̀ sí i, torí ilé ìṣọ́ tó wà nínú páálí jẹ́ ti ìparí ogun, pẹ̀lú pèpéle tí wọ́n ń to ìbọn tó ń yin ọkọ̀ òfuurufú sí. Ti ọdún 1941 kò rí bẹ́ẹ̀, ó kéré. Mo gé pèpéle náà dànù. Mo fi abẹ́rẹ́ onígbáàsì tí mo rà ní kẹ́míìsì ṣe ọrùn ìbọn iwájú, mo sì fi ẹyọ wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe awò gígùn tí wọ́n fi ń yọjú sókè omi.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ akéwì ò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé bàbá Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣiṣẹ́ ní wọ́fù Àpápá, ó sì kú nígbà ogun Hitler. Ẹ gbé e pọ̀ wò. Wọ́fù. Ogun. Bọ́ǹbù ní ẹnu omi Èkó. Kí lẹ fẹ́ kí n tún máa wá kiri? Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ ewì yẹn tán, ẹ sì mọ bẹ́ẹ ṣe gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi níbí, torí láìsí wọn, ìtàn yìí ò lórí. Bàbá mi ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù wọn wà lápá Ìwó Road. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń sọ mọ́tò tó ti gbó di tuntun. Ohun tí wọ́n fọkàn sí ni pé èmi á di ẹnjiníà. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ Yorùbá sí i. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ tí orúkọ mi jáde: "Èdè tí mo fẹnu mi kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, òun lo fẹ́ fi owó mi lọ kọ́?" Látọjọ́ náà, owó iléèwé ń dé, kò yẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò dé. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí?" Èmi náà á ní, "Kò sí, sà." Ó parí. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a gba họlidé, mo fi aṣọ wé ọkọ̀ mi, mo gbé e lọ sílé. Màmá àgbà ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ti rẹ̀, etí wọn ṣì gbọ́ ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo ka ewì náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Ó dùn. Ta ló wá kú nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá yín ni, mà."

"Bàbá tèmi? Orí ẹní ni bàbá mi kú sí, nínú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ibà ló pa á. Èmi gan-an ni wọ́n ń rán ní omi gbígbóná."

Inú mi bàjẹ́, ẹ má dá mi lóhùn. Àbí, ó yẹ kí n máa bínú pé bọ́ǹbù ò pa baba ńlá mi? Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá rántí nípa ogun náà. Wọ́n ní iyọ̀ ni. Iyọ̀ wọ́n, gààrí wọ́n, ìjọba sì ń dá iye owó tí àwọn ìyá wọn á máa ta ọjà lé. Mo ti kà nípa ìyẹn: Captain Pullen ni ìjọba fi sí ìdí ọ̀rọ̀ náà, Alimọtu Pẹlẹwura, olórí ọjà Ẹrẹ́kò, ló sì kó àwọn obìnrin ọjà jọ tí wọ́n bá ìjọba fà á. Ogun àwọn ọmọdé bíi Màmá àgbà nìyẹn, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Mo ń ká ìwé mi kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀. "Ohun tó sì ń ṣe ní wọ́fù, o ò fi sínú ewì rẹ. Ó ń ha ìpẹtà lára ọkọ̀ ojú omi ni, á wá fi ọ̀dà kùn ún. Bó bá dé lálẹ́, ọ̀dà pupa á wà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Ṣé o rò pé bàbá rẹ ló kọ́kọ́ kun ohun kan nílé yìí ni?"

Mo jókòó padà.

Ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Kì í ṣe pé mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ìṣòro mi ni pé ìlà kan là gbọọrọ láàárín ìdajì ọkọ̀ méjèèjì níbi tí mo ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò dí. Àwọn ọmọọṣẹ́ wọn rọ́ bò mí. Ọ̀kan ní ẹja ni, ọ̀kan ní bàlúù tí wọ́n gé apá ẹ̀ ni. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n di ojú, wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ ẹ láti imú dé ìdí.

"O ti fi ojú wò ó jù," wọ́n ní. "Ojú a máa purọ́. Ìka ni kó o bi."

Wọ́n po bọ́dì fílà bíńtín, wọ́n fi eyín bíléèdì tẹ̀ ẹ́ sójú ìlà náà. Nígbà tó gbẹ, wọ́n na sáńpépà tó fẹ́lẹ́ jù sí mi, pẹ̀lú ike omi kan. "Máa ti í bọmi. Bó o bá fi gbígbẹ ha á, á dá ọgbẹ́ sí i lára." Mo ha, mo di ojú, mo fi ìka wò ó. Ó kù. Mo tún ha. Láàárín wákàtí yẹn, bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe bá mi sọ lọ́dún méjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "kò tíì tó" ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Mo ní ṣé kí a máa fọ́n ọ̀dà sí i wàyí. Wọ́n mú èékù férémù kan lọ́wọ́ mi, wọ́n kán tínà tí wọ́n ń lò fún mọ́tò sí i. Ó wú, ó yọ́ bí ọṣẹ inú omi. Wọ́n kàn wò mí. Ọkọ̀ tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe ì bá yọ́ lójú mi! Wọ́n wá fọ́n ọ̀dà náà fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkèèrè, bí èémí ẹnu, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n tún fọ́n òmíràn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dúdú bí eérú tó rin, òkè ẹ̀ funfun díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe rí nígbà yẹn.

Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí mo ní mo fẹ́ fi ìpẹtà sí i. Wọ́n gbé ìbọn ọ̀dà sílẹ̀. "Kí lo wí?" Mo ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó bá ti pẹ́ lórí òkun kì í dán, pé ibẹ̀ ni ẹwà iṣẹ́ náà wà. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn ń sanwó fún mi kí n yọ ìpẹtà kúrò lára mọ́tò, ọmọ mi wá ń wá ìpẹtà tí á fi sára tiẹ̀." Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kúnná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ kiri bí ẹni tó ní ìgbóná.

Bàbá mi ò lè wò ó. Wọ́n fi àkísà nù ún kúrò. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìpẹtà. Ìpẹtà mọ ibi tó ń lọ: etí ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ibi tí ọ̀dà ti bó, ibi tí omi ti ń dúró. Kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn sí. "Àwọn ihò tí o lu wọ̀nyí, ṣé omi ń gba ibẹ̀ jáde ni? Ó dáa. Abẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ni kó o ti fà á, tín-ín-rín, kó máa parẹ́ bó ṣe ń lọ." Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n fa àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ náà di irin lójú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí Màmá àgbà sọ fún wọn, ti ọ̀dà pupa abẹ́ èékánná. Wọn ò gbójú sókè. "Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́. Mo rò pé mo ti sọ fún ọ."

"Ẹ ò sọ ọ́, sà."

"Ṣé a máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Wọ́n fa ìkejì. Mo di ọkọ̀ náà mú fún wọn kó má mì.

Ó ku màlúù. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé wọ́n ní kí wọ́n ya akọ màlúù tó ń fi imú fọn sára ilé ìṣọ́ U-69, gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ náà. Àwòrán akọ màlúù ò sí nítòsí, ni ẹni tó fẹ́ yà á bá wo ti ara páálí wàràkàṣì kan, èyí tí màlúù tó ń rẹ́rìn-ín wà lára ẹ̀. Bí ọkọ̀ ogun ṣe di Màlúù Tó Ń Rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mo fi ṣóńṣó ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yà á, kò tó ọmọ irẹsì méjì. Bàbá mi ní ajá ni. Nígbà tí mo sọ ìtàn ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ikọ́ kún un. Wọ́n ní ayàwòrán kan ṣe irú ẹ̀ fún oníbàárà àwọn rí: wọ́n ní kó ya kìnnìún sẹ́yìn dáńfó, ológbò ló yà, awakọ̀ náà sì gbé e kiri bẹ́ẹ̀.

Mi ò fi ìyókù ìtàn pa mọ́ fún wọn. Ọkọ̀ ẹlẹ́rìn-ín yìí kan náà ló ri Caribou, ọkọ̀ èrò, ní etí òkun Kánádà ní oṣù kẹwàá ọdún 1942, tó lé ní 130 èèyàn tó kú, tọmọdé tobìnrin. Ní oṣù kejì ọdún 1943, òun náà rì ní Àtìláńtíìkì, ẹnì kan ò yè nínú ẹ̀. Bàbá mi wo màlúù náà pẹ́. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọdé ló wà nínú ẹ̀ náà, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ọ̀pọ̀ wọn ò ju èmi lọ. Èsì tí mo ní fún rúùmù-méètì mi kò ju ìyẹn lọ. Mi ò kàn án láti fi yìn ín. Mo fẹ́ mọ ohun tó wá sí ẹnu ọ̀nà wa, bó ṣe tóbi tó, ibi tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá pẹ̀lú mi mọ̀ pé lẹ́yìn tí a bá tẹ magasíìnì yìí tán, a máa ń jókòó yí tábìlì ká, a ó fi bírò fi àmì ohùn tí ẹ̀rọ ò lè tẹ̀ sí i kí á tó gbé e lọ ṣe fọ́tòkọ́pì. Mo máa ń ráhùn nípa iṣẹ́ yẹn. Mi ò ráhùn mọ́. Fìlà là ń dé sórí, fílà ni bàbá mi fi ń dí ihò ara mọ́tò. Àmì kékeré ló wà láàárín wọn. Irú ẹ̀ náà ló wà láàárín ẹni tí bọ́ǹbù pa àti ẹni tí ibà pa. Mo kọ ewì láìfi ìka tọ́ ọ wò bóyá ojú ẹ̀ dí. Ẹ forí jì mí. Mo ń kọ òmíràn, iyọ̀ àti ọ̀dà pupa ló wà nínú ẹ̀, kò tíì tó.

Ọkọ̀ náà ò bá mi padà sí hósítẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi ní ojú ọ̀nà á ba okùn ẹ̀ jẹ́, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ike ọ̀dà. Ọjọ́ tí mo ń lọ, oníbàárà kan rí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yọ ìpẹtà, kí ló dé tí tiyín wá dípẹtà báyìí?"

Bàbá mi ní, "Ọmọ mi ló ní kí n fi sí i. Yorùbá ló ń kọ́ ní yunifásítì." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ìyẹn ti dáhùn ìbéèrè ọkùnrin náà, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.